Ọ̀kadà Tó Mu Omi: Ẹ Má Kíìkì Ẹ̀!

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ sọ kí òjò ńlá tó tún dé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀kadà tó ń gbé wa wá síléèwé ni, àti ohun tí à ń fi ojú wọn rí nígbà tí omi bá bò wọ́n.

Kò sí ẹni tí kò tíì rí i rí ní Oju Ore níbí. Abẹ́ bíríìjì Ṣàngó náà ńkọ́? Òjò á rọ̀ mọ́jú, gọ́tà á kún, omi á gba títì, kòtò ò ní hàn mọ́. Ọlọ́kadà á gbé èrò méjì, á kó sínú omi, ọ̀kadà á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Kí ọkùnrin náà tó tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn èèyàn ti pé lé e lórí: “Kíìkì ẹ̀! Kíìkì ẹ̀ dáadáa!” Á máa kíìkì títí òógùn á fi bò ó. Bí kò bá dáhùn, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta á fi sí jíà, wọ́n á máa tì í lọ gbuurugbu.

Lójú tèmi, omi nìkan kọ́ ló ń ba ọ̀kadà wọ̀nyẹn jẹ́. Ìkánjú ká mú un dáná lójú ẹsẹ̀ ló ń bà á jẹ́ jù.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì Físíìsì ni. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, kó fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kó fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kó wá tì í. Á wọlé díẹ̀. Kó wá fa omi sí i, kó dí i, kó tún tì í. Kò ní mira. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹ́ńjìnnì. Pístìn máa ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀. Tó bá jẹ́ pé omi ló bá lókè, bí ìgbà tó kọlu ògiri ni. Irin gígùn tó gbé pístìn dúró ló máa jìyà rẹ̀, ó lè tẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn nìkan lè má lágbára tó láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àti títì nínú jíà lágbára tó. Bí kíìkì bá le gbagidi tí kò sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kadà ti ń sọ fún wa pé omi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ibi tó yẹ ká ti dúró gan-an la ti ń kó èjìká sí i!

Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò wa, bàbá àgbàlagbà ni. Bí wọ́n bá ti ti ọ̀kadà tútù dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni “Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀!” Wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n á tú orí bátìrì. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wá fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì jẹ́jẹ́, omi á máa tú jáde láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì bí ìgbà tí èèyàn gé ẹnu píọ̀ wọ́tà. Wọ́n á sá fílítà, wọ́n á tú ìdè ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ kí omi ibẹ̀ dànù. Epo inú táǹkì ńkọ́? Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí náà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á fà á sínú ike funfun, ẹ ó rí ìlà láàárín méjèèjì kedere.

Lẹ́yìn náà ni óíìlì. Bó bá ti funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ̀, dídà ni. Wọ́n á bu tuntun sí i, wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún da ìyẹn náà nù. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ti máa ń bínú, wọ́n á ní bàbá fẹ́ fi óíìlì gba owó lọ́wọ́ àwọn. Ṣé owó óíìlì méjì ló pọ̀ ni, àbí owó ẹ́ńjìnnì?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ọmọ iléèwé, kí ló mọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀kadà? Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ṣe àwọn ló ni ọ̀kadà. Àwọn kan ń jíṣẹ́ owó fún ọ̀gá lálaalẹ́, àwọn kan ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tiwọn. Wákàtí mẹ́ta lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, owó ló lọ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá lọ, gbèsè ò bá a lọ. Àwọn kan nínú wa tó ń ka ìwé yìí, owó ọ̀kadà ni bàbá wọn fi ń san owó iléèwé wọn.

Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba inú ẹ̀, wọ́n ti fẹ́ ti géètì”? Àwa ni. Àjọ tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí ní Amẹ́ríkà, National Weather Service, sọ pé omi ínǹṣì 6 tó ń ṣàn kíákíá lè gbé àgbàlagbà ṣubú, àti pé ínǹṣì 12 lè gbé mọ́tò kékeré lọ. Ẹ mú rúlà yín, ẹ wo ìdajì rẹ̀. Ó ju ìyẹn lọ tí mo ti rí àwọn ọmọ SS1 lórí ọ̀kadà nínú ẹ̀, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sì jàjà jáde, bíréèkì tó ti rin gbindin kì í tètè mú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ jẹ́ kí géètì wà ní ṣíṣí títí pírííọ̀dù kejì, kí ẹni tó pẹ́ má gé koríko. Àwọn kan á fi ṣe àwáwí, mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ wo sòkòtò wọn, ẹni tó gba inú omi wá máa ń hàn.

Mo ti bá bàbá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà láti wá fi hàn wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé Press Club, níwájú géètì níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń páàkì sí. Ẹni tó bá fẹ́ tú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kó mú aṣọ tó lè dọ̀tí dání.