Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó: Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Mọ Òkè Ìdànrè

Ọlọ́lá jùlọ,

Ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè ni mo bá wá. Gbangba ni mo ti ń sọ ọ́, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kì í ṣe èyí tí ìjọba lè dá ṣe.

Àtẹ̀gùn òkè náà tó lé ní 600 ni gbogbo wa mọ̀. Àlejò á dé láti Àkúrẹ́, á gun àtẹ̀gùn, á wo ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́, ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 àti ipasẹ̀ tí ìtàn ìbílẹ̀ pè ní ti Agbóògùn, á ya fọ́tò, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odidi ìlú ló wà lókè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kí àwọn èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ni odidi ìlú ń rìn ni? Ọ̀nà oko ńkọ́? Ọ̀nà odò ńkọ́? Ọ̀nà tí ìyàwó tuntun gbà lọ sílé ọkọ ńkọ́? Bí àwọn àgbà tó lè júwe wọn bá ti lọ tán, igbó ni yóò jogún àwọn ọ̀nà náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá ìpèníjà ìrìn sílẹ̀ fún ará ìlú, èyí tí yóò máa gba ọdún yípo. Kí àwọn àgbà àti àwọn ọdẹ fi àwọn ọ̀nà náà hàn, kí àwọn ọ̀dọ́ ṣán wọn, kí a ri pátákó atọ́nà mọ́ oríta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀dà kun òkúta. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba káàdì, kí amọ̀nà máa lu òǹtẹ̀ sí i níparí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìdílé tó bá rìn wọ́n tán kí ọdún tó parí, kí a kọ orúkọ wọn sára pátákó níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Kò sí ipò kìíní, kò sí owó ńlá. Àjọ̀dún Mare, níbi tí wọ́n ti díje gígun òkè, ti fi hàn pé èèyàn á wá gun òkè náà tí a bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n níbi ìdíje náà, àwọn tó lẹ́sẹ̀ sísá ló gùn ún, àwa yòókù sì dúró ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ ìrìn tí ìyá àgbà lè fi ọ̀pá rìn, tí kò sí ẹni tí yóò ní ó pẹ́.

Ẹni tó bá rọra rìn ló ń rí nǹkan. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkúta Ìdànrè, èyí tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Perret pè, tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé yìí. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn onímọ̀ kò fojú kàn án, títí wọ́n fi tún rí i lọ́dún 2013. Mélòó nínú àwọn ọmọ iléèwé wa ló mọ̀ pé ilé wọn nìkan ló ní in? Inú mi kì í dùn rárá pé wọn kò mọ̀.

Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ta ni yóò bá wa tọ́jú ogún tí àwa fúnra wa kò rìn dé?

Àwọn nǹkan kan wà tí ó ṣòro. Òkúta a máa yọ̀ tí òjò bá rọ̀, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ọ̀nà gíga máa ṣí. Ibi tí Ọwá àti àwọn ìjòyè bá ní ó jẹ́ ti orò, kí ẹsẹ̀ àlejò má débẹ̀. Ọ̀nà tó bá gba inú oko kòkó kọjá, kí a kọ́kọ́ bá olóko sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì já kòkó rẹ̀. Kí owó oṣù àwọn amọ̀nà àti ti nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú àwọn tó ń rìn wà nínú ètò ìṣúná, kó má jẹ́ ìlérí ẹnu.

Ọ̀nà mẹ́ta péré ti tó fún ọdún àkọ́kọ́: ọ̀kan fún Odòde, ọ̀kan fún Aládé, ọ̀kan fún Atósìn, ní Ìdànrè. Ẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọyẹ́ tó dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìpínlẹ̀ Òndó kan