Ojú Ni A Fi Í Mọ Ẹyẹ, Kì Í Ṣe Ìbọn

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀làjú wa pé ẹni tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ, àfi kí ó pa á, kí ó sì tò ó sínú àpótí dígí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyẹ kan tí kò sí ní Áfríkà rárá ṣe ẹ̀rí, nítorí lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, láti àríwá dé gúúsù, ni ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hummingbird wà. Irú rẹ̀ ju 300 lọ. Èyí tí ó kéré jù lọ ń bẹ ní Kúbà, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ ní ayé òwò ẹrú. Akọ rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 2 lọ. Omi dídùn inú òdòdó ni ó ń fà mu bí oyin. Apá rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè bá a, etí nìkan ni ó ń gbọ́ bí ó ti ń kùn. Ó lè dúró sójú kan lófuurufú, ó sì lè fò sẹ́yìn.

Ní 1849 ni John Gould, ará Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Ní 1851 ó pàtẹ òkú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó lọ wò ó sì ju 75,000 lọ. Síbẹ̀, títí di 1857 tí òun tìkára rẹ̀ fi wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, kò tíì fi ojú rí ọ̀kan láàyè! N kò ní iṣẹ́ rẹ̀ kò wúlò. Púpọ̀ nínú orúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n, òun ni ó sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n òkú ẹyẹ kì í ròyìn ilé rẹ̀.

Ẹ wá wo Alexander Skutch. Onímọ̀ ewéko ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò ní Panama ní ìparí àwọn ọdún 1920, nígbà tí hummingbird kan kọ́ ìtẹ́ sí ìta fèrèsé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí ẹyẹ. Ní 1941 ó ra oko Los Cusingos ní Costa Rica, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ó fi kú ní 2004, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò fẹ́ kí a pa ẹyẹ kí a tó mọ̀ ọ́n: ó ń jókòó, ó ń wò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé abo nìkan ni ó ń fi okùn aláǹtakùn hun ìtẹ́, tí ó ń sàba lé ẹyin méjì, tí ó sì ń bọ́ ọmọ, láìsí ìrànlọ́wọ́ akọ. Oko náà ti di ibi ààbò ẹyẹ.

Ní ayé Gould, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú hummingbird ni wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀ṣọ́ fìlà obìnrin. Ta ni ó dá a dúró? Àwọn obìnrin náà ni. Ní 1889 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní í fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́. Ní 1921 ni ìjọba sì fi òfin de kíkó ìyẹ́ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ẹgbẹ́ tiwa.

Nítorí àwa náà ní ẹyẹ tiwa. Ní 1958 ni J. H. Elgood, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, fi orúkọ Ìbàdàn pe ẹyẹ dúdú kan tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, ìbátan ẹ̀gà: Malimbus ibadanensis. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó sì wà lára àwọn tí ó fẹ́ run. Mélòó nínú wa ni ó lè nàka sí i? Igbó inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn wà lára ibi tí ó kù fún un. Oníwàásù ni mí, n kì í sì í bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n n kò lè sẹ́ pé èèwọ̀ àwọn baba wa ni ó jẹ́ kí igi igbó Ọ̀ṣun ṣì dúró ní Òṣogbo.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ìjòyè, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé tí a ó fi gé igbó tí ó kù ní ìlú yín tà fún ilé kíkọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ jókòó níbẹ̀ fún òwúrọ̀ méje, kí wọ́n kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí, kí wọ́n sì kà á fún yín láàfin. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ni wọn yóò mú lọ; kànnàkànnà yóò wà nílé.