Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Bá Fáìlì Sọ̀rọ̀
Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹ̀rọ gbé 168 jáde, ó sáré kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Ìgbà tó máa ráyè dé ìdí kọ̀ǹpútà, 186 ló tẹ̀. Ta ni ká bá wí? Èmi ò bá nọ́ọ̀sì tó ń dá odidi wọ́ọ̀dù bójú tó wí. Ọ̀gá tó ra ẹ̀rọ tí kò lè fi èsì ránṣẹ́ sínú fáìlì fúnra rẹ̀ ni mo bá wí. Ọdún 1987 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ HL7 sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fi ń gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ béèrè bóyá ó ń lo irú ìlànà yìí kó tó sanwó, torí àwọn oníṣòwò mọ bí a ṣe ń gba owó ìsopọ̀ lọ́tọ̀ tó bá yá. Ewu wà nínú síso ẹ̀rọ mọ́ fáìlì náà o: bí wọn ò bá yọ orúkọ ẹni tó ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú ẹ̀rọ, ìfúnpá àlejò yóò wọ fáìlì ẹni àná. Ẹ jẹ́ ká so ẹ̀rọ àti fáìlì pọ̀ ṣá, kí nọ́ọ̀sì sì máa yẹ orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn wò kó tó tẹ bọ́tìnì.