Nígbà Tí Eyín Màmá Bá Ti Ká

Ní Igbó-Ọrà àti Ẹ̀rúwà, àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa rọ̀ fún màmá àgbà láti gbé mì. Ẹran inú ọbẹ̀ ni eyín wọn kò gbà mọ́. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni okun ara wọn yóò máa dín kù.

Wàrà sóyà lè dí àlàfo yìí. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà sóyà gbígbẹ, nǹkan bíi 36 jẹ́ èròjà amúaradàgbà.

Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú 20, nítorí sóyà tí kò jinná kì í dà nínú ikùn dáadáa. Ẹ da omi ògì kíkan sí i. Bí ó bá dì, ẹ fi aṣọ mímọ́ fún un. Ẹ má dín in.

Ẹ fi ègé kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n, ìbẹ́pẹ díẹ̀ àti ife omi sísè kan sínú bùlẹ́ńdà. Ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò bo òórùn sóyà mọ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó sùn mọ́jú níbi tí iná kò dúró. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.