Ojú Ta Ni A Fi Ń Wo Obìnrin Inú Sinimá?

 

Bí ọ̀rọ̀ sinimá bá délẹ̀, aṣọ tí obìnrin wọ̀ ni a sábà máa ń bá wí. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Obìnrin inú sinimá kọ́ ló gbé ara rẹ̀ síwájú wa. Ẹnì kan ló gbé kámẹ́rà. Òun ló yan ibi tí yóò dúró sí, ohun tí yóò fi hàn àti ohun tí yóò gé kúrò. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, wọ́n ti sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Íjíbítì, nítorí èdè Lárúbáwá tí à ń kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 1958, Youssef Chahine gbé sinimá kan jáde tí ó pè ní Bāb al-Ḥadīd. Ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Káírò ni ìtàn náà ti wáyé. Qinawi, amúkùn-ún kan tí ń ta ìwé ìròyìn, máa ń gé àwòrán àwọn obìnrin láti inú ìwé, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ahéré rẹ̀. Hannuma, ọmọbìnrin tí ń ta ohun mímu tútù fún àwọn arìnrìn-àjò, ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Bí ó ti ń wo Hannuma, kámẹ́rà á padà sí ojú Qinawi, á sún mọ́ ọn gan-an. Àwa òǹwòran á wá mọ̀ pé ojú ọkùnrin yìí ni a yá wo ọmọbìnrin náà. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan nínú àwòrán ara ògiri ni. Ṣùgbọ́n sinimá kan náà fi hàn wá pé òṣìṣẹ́ ni Hannuma, ó ń gbé garawa kiri, ó ń sá fún ọlọ́pàá, ó sì ní àfẹ́sọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí ó kọ Qinawi, Qinawi ra ọ̀bẹ. Nínú òkùnkùn, obìnrin mìíràn ló gún, ó rò pé Hannuma ni. Ẹni tí ó ti ń wò ó láti àárọ̀ dalẹ́ kò dá a mọ̀!

A sọ ìtàn yìí fún kíláàsì àgbà wa. Ọmọkùnrin kan ní, "Áfáà, Hannuma ló fà á. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ọmọbìnrin kan dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Áfáà, ta ló sọ fún wa pé ó pọ̀ jù? Ṣé kì í ṣe ẹni tí ń wò ó ni?" Kíláàsì dákẹ́. Àwa náà dákẹ́, nítorí ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ ló wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Nínú Suratu-n-Nur, āyà 30, àwọn ọkùnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ pa láṣẹ pé kí wọ́n kó ojú wọn níjàánu, kí ó tó kan àwọn obìnrin ní āyà 31. Ẹni tí ń wòran ní ẹrù tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ dì í lé ẹni tí à ń wò lórí.

Ẹnì kan lè bi wá pé, "Ṣé ẹ ń ní kí àwọn ọmọ máa wo sinimá ni?" A kò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a dárúkọ yìí kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ṣùgbọ́n àwòrán ti wọlé tọ̀ wá, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí fóònù. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé: Ojú ta ni a fi ń wo obìnrin yìí? Kí ni wọ́n fi hàn wá lára rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀? Kí ni òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́? Bí ọmọ kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, a jẹ́ pé àwòrán ni ó rí, kò tíì rí ènìyàn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ojú wa ṣi ọkàn wa lọ́nà. Āmín.