Ẹ Má Gé Igi Ọgbà Wa

Láti ìgbà tí ọmọ JSS 1 kan ti jẹ kóró lápálápá lẹ́yìn kíláàsì, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé kí wọ́n gé igi ọgbà ilé-ìwé wa dànù. Èmi ò fara mọ́ ọn o.

Kí ẹ tó bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni ọmọ yẹn bi kó tó jẹ ẹ́. Ó ní, "Síníọ̀, ṣé wọ́n ń jẹ èyí?" Ó ti pa èèpo dúdú rẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀pà. Mo ní kò lè ṣe nǹkan kan. Hóró mẹ́ta péré ni. Kí a tó jáde lọ́sàn-án, ó ti ń bì, ó tún ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n fa omi sí i lára. Ó ti padà wá báyìí, ọpẹ́ ni, àmọ́ kì í kí mi mọ́.

Mo ń ṣe Biology. Mo lè ya òdòdó, kí n tọ́ka sí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí à ń fi àdá gé nígbàkigbà tí wọ́n bá fìyà jẹ wá, tí oje rẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, mi ò mọ orúkọ rẹ̀! Ìyá àgbà ni mo lọ bi nílé. Wọ́n ní lápálápá ni, bòtujẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é, pé òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan fìtílà láyé àtijọ́, pé torí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi í ṣọgbà. Wọ́n wá wò mí: "Ohun tí ewúrẹ́ ò jẹ, ìwọ lo ní kí ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Àwọn kan ní ká ṣáà ti sá fún èso pupa. Agbáyun ńkọ́? Ó pupa, ó sì ṣeé jẹ; bí o bá pọ́n ọn lá tán tí o fa ọsàn wẹ́wẹ́ mu, dídùn ni yóò máa dùn. Ojú ológbò náà pupa, orí rẹ̀ dúdú, ó lẹ́wà bí ìlẹ̀kẹ̀, ìtakùn rẹ̀ wà lórí ọgbà wa níbẹ̀ yẹn. Hóró kan tí ọmọdé bá rún lẹ́nu lè pa á. Àwọn mìíràn ní ohun tí ẹyẹ bá ti jẹ, èèyàn lè jẹ ẹ́. Irọ́ ni jàre. Ẹyẹ ń jẹ èso ẹwọ́n adẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ ń ṣe ewúrẹ́ àti màlúù léṣe.

Bí a bá gé ti ibí, ti ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Ti ọ̀nà oko ńkọ́? Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni píríọ́ọ̀dù Agric kan ṣoṣo, ká fi rìn yí ọgbà yẹn ká, ká sì kan orúkọ mọ́ ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí pátákó mẹ́ta. Ẹni tí ọ̀dà bá ṣẹ́kù nílé wọn, kó mú un wá bá mi ní SS 2B.