Bàtà Tó Yẹ Ẹsẹ̀ Ọlọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ló ń fi sílípáàsì tó ti jẹ tán dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá délé, ká máa pariwo ẹsẹ̀, ká máa pariwo ẹ̀yìn. Bàtà tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀, tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló dára jù: bàtà báskẹ́tíbọ́ọ̀lù àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, èyí tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun o. Adidas Superstar ti wà láti 1969. Puma ṣe Clyde fún Walt Frazier ní 1973. Nike Air Force 1 dé ní 1982. Ìsàlẹ̀ wọn nípọn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí orúkọ rà á. Clyde tí awọ rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí àrán, ẹrọ̀fọ̀ ọjà yóò bà á jẹ́. Awọ dídán tó ṣeé fi àkísà nù ni kí ẹ mú. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ṣé wọ́n rán an yíká ni, àbí gọ́ọ̀mù lásán? Bó bá jẹ́ òkìríkà, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ yóò là lójú yín. Àwa náà ra ọ̀kan láìwò ó, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi yanu. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá torí bàtà béèrè owó ẹ̀yáwó ọjà o. Ìgbìmọ̀ kò ní buwọ́ lù ú.